Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Síkáòtù NHL Tó Ń Fi Téèpù Ìwọ̀n Yan Ọmọ

Sí ẹ̀yin olórí síkáòtù, ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọmọ tó mọ eré gbá kiri fún ikọ̀ 32 tó wà nínú líìgì họ́kì orí yìnyín NHL, àti ẹ̀yin máníjà àgbà tí ẹ ń buwọ́ lu ìwé tí wọ́n bá kọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìnàjò, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ lóru láti Brandon títí dé Prince George, tí yìnyín ń rọ̀ lu gíláàsì ọkọ̀ yín, tí ẹ ń jẹ ohun tí ẹ bá bá nílé epo, tí ẹ ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ kò ní rántí orúkọ rẹ̀ tó bá di ọ̀la, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ẹ kì í ṣiṣẹ́. Bí ọmọ kan bá wà ní abúlé kan ní Sweden tàbí ní Finland tó mọ họ́kì gbá, ẹ ó ti mọ orúkọ rẹ̀ kí ará àdúgbò rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà.

Mo ti kí yín tán. Ọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ Yorùbá ni mí, Calgary ni mò ń gbé. Mi ò gbá họ́kì rí. Níbi tí wọ́n bí mi sí, inú fìríìjì la ti ń rí yìnyín. Jarome Iginla ló fà mí wọ inú eré yìí. Elvis, bàbá rẹ̀, ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà ni, Adékúnlé sì wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Ẹ sọ fún mi, ọmọ Yorùbá wo ló máa dé ìlú òtútù, tó máa gbọ́ tí gbogbo Saddledome, pápá họ́kì Calgary, ń pariwo Iginla, tí kò ní bá wọn dìde dúró? Góòlù 525 ló gbá sáwọ̀n fún Calgary Flames. Ní 2024, Tij ọmọ rẹ̀ náà wọ inú ètò yíyàn yín, òun sì ni ẹnì kẹfà tí ẹ pè. Utah ló mú un.

Ṣùgbọ́n Iginla kì í ṣe ọmọ kékeré. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì kan ni, ẹnikẹ́ni ò sì torí gíga rẹ̀ rojọ́ nígbà tí Dallas pè é ní ipò 11 ní 1995, kí wọ́n tó fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Calgary. Kì í ṣe torí tirẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Torí ẹni kúkúrú tó gba ife Stanley mọ́ ọn lọ́wọ́ ni, àti torí àwọn ọmọ tó jọ ẹni yẹn tí ẹ ṣì ń fò kọjá títí di oṣù Kẹfà 2025.

Ọjọ́ 27 àti 28 oṣù Kẹfà 2025 ni ẹ ṣe ètò yíyàn ọdún náà ní Los Angeles. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí láti ẹ̀yìn yín. Lọ́dọọdún ni ikọ̀ 32 máa ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó bá ti pé ọdún 18 kí ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án tó kọjá láàárín ara wọn. Ìpele 7 ni, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ èèyàn 224. Ẹni tí wọ́n bá tètè pè, owó àti sùúrù ni wọ́n fi ń gbà á lálejò. Bó bá ṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n á ní kó tún gbìyànjú. Ẹni tí wọ́n pè nígbẹ̀yìn, àṣìṣe kan ti tó láti fi lé e lọ. Ẹni tí wọn ò pè rárá, ó dọwọ́ orí rẹ̀.

Nínú ètò 2025 náà, Cameron Schmidt wà níbẹ̀, ọmọ Prince George, tó ń gbá iwájú nígbà náà fún Vancouver Giants nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́ WHL. Góòlù 40 ló gbá sáwọ̀n ní sáà 2024–25. Tó bá ti gba pọ́ọ̀kì (rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá) ní àárín pápá, tó sì rí àyè, àwọn adènà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn sá. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8. Èèyàn 93 ni ẹ pè kí ẹ tó pè é. Ìpele kẹta ni Dallas mú un.

Mi ò sọ pé òun ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Mi ò tilẹ̀ búra pé yóò yege. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ẹ pè é, yíyege rẹ̀ ò sì sí lọ́wọ́ èmi tàbí ẹ̀yin. Ohun tó dùn mí ni pé gbogbo ẹni tó bá la ẹnu sọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà, gíga rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ dá, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó rántí pé ó gbá góòlù. Ìrínisí ni ìsọni lọ́jọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín sí ni pé kẹ́ ẹ rí ju ohun tí ojú lásán ń rí.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kìíní nìyí: ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun, ẹ ti sanwó rẹ̀ rí, ẹ sì gbàgbé. Ìlú tí mò ń gbé yìí mọ̀ ọ́n ju ibikíbi lọ. Martin St. Louis, ọmọ Quebec, tó kàwé ní Yunifásítì Vermont, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8. Kò sí ikọ̀ kankan tó pe orúkọ rẹ̀ nínú ètò yíyàn. Calgary gbà á ní 1998, wọ́n ń fi í sí ibi tí kò ti lè ṣe nǹkan, ní 2000 wọ́n ní kó máa lọ. Tampa Bay ṣa ohun tí Calgary jù. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, Tampa àti Calgary pàdé ní àṣekágbá ife Stanley, tí Iginla sì jẹ́ balógun Calgary.

Calgary ti borí nínú ìfigagbága mẹ́ta, Tampa méjì. Ẹ̀ẹ̀kan sí i tó, ife ti dé Calgary. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2004, nínú Saddledome tó kún àkúnya, wọ́n gbá a títí wọ́n fi wọ àfikún àkókò kejì, kò tíì ju ìṣẹ́jú àáyá 33 lọ tí pọ́ọ̀kì bọ́ síwájú ilé. Ta ló wà níbẹ̀? Ọmọ tí wọ́n lé. Ó gbá a wọlé, Tampa padà sílé, wọ́n fi góòlù 2 sí 1 gba ife lọ́jọ́ keje oṣù náà. (Àwọn ará Calgary ṣì ń jiyàn títí dòní pé pọ́ọ̀kì tí Martin Gélinas tiwọn fẹsẹ̀ kàn ní ìfigagbága kẹfà yẹn ti kọjá ìlà. Ẹ má dá wọn lóhùn o, ilẹ̀ á ṣú.) Sáà yẹn kan náà, St. Louis ló gba àmì jù lọ nínú gbogbo líìgì, òun sì ni wọ́n fi ṣe eléré tó ṣe pàtàkì jù. Ní 2013, ó tún gba àmì jù lọ, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 37. Ó ti wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí eré họ́kì láti 2018. Òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Montreal Canadiens báyìí.

Ohun tó ya mí lẹ́nu jù ni pé Calgary kan náà yìí ló ti kọ́kọ́ gbọ́n. Ní 1987, wọ́n pe Theo Fleury ní ipò 166. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 6 ni Fleury. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó wà nínú ikọ̀ tó gbé ife Stanley wá sílé, ó sì gbá góòlù 455 kó tó fi NHL sílẹ̀. Ní 2011, Calgary tún pe Johnny Gaudreau ní ipò 104, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 9. Ní sáà 2021–22 nìkan, àmì 115 ló kó jọ fún wọn kó tó lọ. Ikú rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2024 dun gbogbo ìlú yìí. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ní 2015 Calgary mú Andrew Mangiapane ní ipò 166 gan-an, bíi ti Fleury, òun náà gbá góòlù 35 sáwọ̀n ní sáà kan. Ikọ̀ tó mọ̀, tó gbàgbé, tó tún rántí. Tí ẹni tó ti rí i bá lè gbàgbé, kí ni ká sọ nípa àwọn tí kò rí i rí?

Ẹ̀dùn ọkàn mi kejì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Mi ò gbà pé ẹ kò mọ họ́kì. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ẹ̀bi ló ń bà yín.

Síkáòtù tó bá dábàá ọmọ gíga, tí ọmọ náà ò sì yege, kí ni wọ́n máa ń sọ? Wọ́n á ní ara rẹ̀ dára, ohun gbogbo ló ní, àfi pé orí rẹ̀ ò gbé e dé ibẹ̀. Gbogbo yàrá á mi orí, wọ́n á lọ jẹun. Síkáòtù tó bá dábàá ọmọ kékeré, tí ọmọ náà ò yege, ọ̀rọ̀ kan péré ló ń gbọ́: ṣebí a sọ fún ẹ. Àṣìṣe kan náà ni, owó kan náà ni ikọ̀ pàdánù, ṣùgbọ́n ẹ̀bi àkọ́kọ́ di ti ọmọ, ẹ̀bi kejì di ti síkáòtù. Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ láti bọ́, tó mọ̀ pé ọdún kan ni ìwé àdéhùn òun, èwo ni yóò yàn? Mi ò bá a wí. Ẹ̀yin máníjà tí ẹ ṣètò ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá wí.

Ẹ rántí 2003. Àwọn tó mọ eré yìí ṣì ń pe ọdún yẹn ní ọ̀kan lára àwọn ọdún tó lọ́rọ̀ jù nínú ìtàn ètò yíyàn. New York Rangers, ní ipò 12, mú Hugh Jessiman, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 6. Ìfigagbága NHL méjì péré ló gbá láyé rẹ̀, aṣọ Florida ló sì wọ̀ gbá a. Zach Parise, Ryan Getzlaf, Corey Perry, gbogbo wọn ṣì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nígbà tí wọ́n pè é. Joe Pavelski dúró títí di ipò 205. Mi ò dárúkọ Jessiman láti fi í ṣẹ̀sín. Ọmọ náà ò yan ara rẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ torí pé orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ọdún yẹn. Ẹni tó wo gíga rẹ̀ tó sọ pé òun nìyí, orúkọ ìyẹn ò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹ ó dá mi lóhùn pé: ìwọ yìí, ṣé o ò rí Florida Panthers ni? Wọ́n gba ife ní 2024, wọ́n tún gbà á ní 2025, agbára ara ni wọ́n fi gbà á lẹ́ẹ̀mejèèjì. Mo rí wọn, ẹ̀yin ọ̀gá. Wọ́n lágbára, wọ́n ń fi ara lu ènìyàn títí alátakò á fi gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ṣùgbọ́n nínú àṣekágbá 2025 yẹn pẹ̀lú Edmonton, ta ló gbá góòlù mẹ́fà fún wọn? Brad Marchand, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 9, ẹni ọdún 37, tí Boston pè ní ipò 71 ní 2006. Ẹ ń lọ sílé lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé Florida fi ara ńlá gba ife, ẹni tó kúrú jù nínú wọn ló sì ń fi góòlù dáhùn níwájú yín. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Mo fẹ́ sọ òdìkejì rẹ̀ náà, kí ẹ má baà ní ìfẹ́ ló fọ́ mi lójú. Ara kékeré ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Apá rẹ̀ kúrú, ọ̀pá rẹ̀ kò dé ibi tí ti ẹni gíga ń dé. Bí wọ́n bá ń jà nítòsí ògiri fún ìṣẹ́jú kan, ara yóò rẹ̀ ẹ́ ṣáájú. Sáà NHL gùn, ìfigagbága tó lé ní 80 kí ìdíje ife tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kéré sì ń gba lílù kan náà sí ara tí kò pọ̀. Àìmọye ọmọ kékeré ló ti gbá góòlù rẹpẹtẹ nílé-ìwé àti ní líìgì àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà tí iná wọn kú. Nítorí náà, ọmọ kékeré tí kò lè sáré, tí ọpọlọ rẹ̀ kò yára, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì mú, ẹ má yàn án. Kò sí àánú nínú eré yìí, mi ò sì bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun kan tó ta gbogbo àwọn yòókù yọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ wá ohun náà kẹ́ ẹ tó wá téèpù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wá a? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí láti orí ìjókòó mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Saddledome, àwọn ọ̀dọ́ WHL ni wọ́n ń gbá. Pọ́ọ̀kì yí lọ sí igun. Ọmọ kékeré kan tó ń gbá iwájú ló kọ́kọ́ débẹ̀, adènà tó fi orí kan ga jù ú lọ ń já bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ọmọ náà tó fọwọ́ kan pọ́ọ̀kì, ó ti bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, léjìká òsì, léjìká ọ̀tún. Kò dúró kí wọ́n wá lù ú. Òun fúnra rẹ̀ fi ìdí sún mọ́ adènà náà kó tó dé, kò le, ó ṣáà tó láti mú kí ẹsẹ̀ ìyẹn yẹ̀ díẹ̀. Ó jẹ́ kí pọ́ọ̀kì gba àárín ẹsẹ̀ òun kọjá, ó yí po lórí irin ẹsẹ̀ kan, adènà fi ara lu ògiri gbàà, ọmọ ti jáde, ó ti ju pọ́ọ̀kì síwájú ilé fún ẹnì kejì rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Wọn ò gbá a wọlé, nítorí náà kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan.

Ọkùnrin kan jókòó lẹ́yìn mi, ó ní ìwé lọ́wọ́, ó fi káàdì ikọ̀ kan kọ́rùn. Mi ò ní dárúkọ ikọ̀ náà. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ì bá ga díẹ̀ sí i.” Ó sì yíjú sí fóònù rẹ̀.

Ọ̀gá, nǹkan tó wá wò ti kọjá lójú rẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, tó ti mọ ibi tí òun máa gbà jáde kí wọ́n tó dé, ọmọ yẹn ti rí ọ̀nà tó máa fi bá àwọn ńlá gbé. Ìyẹn kì í hàn lórí téèpù, kì í sì í hàn nínú iye góòlù. Ẹ wo ibi tí góòlù rẹ̀ ti ń wá: ṣé iwájú ilé gan-an ni, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gún ènìyàn lẹ́yìn, àbí ọ̀nà jíjìn níbi tí kò sẹ́ni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu? Ẹ yọ góòlù tó gbá nígbà tí alátakò dín ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ ka ìyókù. Ẹ wo ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ìdúró. Ẹni kékeré tí ìgbésẹ̀ mẹ́ta yẹn ò bá yá, kò sí bó ṣe máa ṣe é. Ẹ wò ó nígbà tí wọ́n bá gbá ìfigagbága kẹta láàárín ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan nínú bọ́ọ̀sì, ní oṣù Kejì, ní ìlú tí wọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ wo oṣù tí wọ́n bí i pẹ̀lú. Nínú ètò yíyàn 2025 yìí, ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù Kẹwàá 2006 àti ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù Kẹjọ 2007 jọ wà nínú àwo kan náà. Oṣù mẹ́wàá, fún ẹni tó ṣì ń dàgbà, kì í ṣe kékeré.

Kẹ́ ẹ sì wo ẹni tó ń bá a gbá, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ṣe òtítọ́ nídìí rẹ̀. Nígbà tí Alex DeBrincat gbá góòlù 51 fún Erie Otters ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, wọ́n ní Connor McDavid ló ń gbé e. McDavid lọ sí NHL. DeBrincat tún gbá 51. Ipò 39 ni ẹ pè é ní 2016. Ó padà sí Erie, ó gbá 65. Ibo ni àwáwí yẹn wà báyìí? Nínú NHL fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbá góòlù 41 ní sáà kan fún Chicago.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kẹta, ìyẹn kò gùn. Ní 2022, Lane Hutson, tó ń gbá ẹ̀yìn, gbé ìwé dókítà tó mọ̀ nípa ìdàgbàsókè ara wá síwájú yín, láti fi hàn yín pé òun ṣì ń ga bọ̀. Ọmọ tó ń wá iṣẹ́ họ́kì ń gbé ìwé ẹ̀rí egungun kiri ọ̀dọ̀ àgbàlagbà. Ojú ò tì yín? Ipò 62 ni Montreal mú un. Ní sáà 2024–25 ó kó àmì 66, wọ́n fún un ní ife Calder tí wọ́n ń fún eléré tuntun tó dára jù. Kò sí ìwé dókítà kankan lórí yìnyín.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí síkáòtù kọ ìwé rẹ̀ parí nípa bí ọmọ ṣe ń gbá kó tó kọ gíga àti ìwọ̀n rẹ̀ sí i. Kí nọ́ńbà yẹn wà ní ìsàlẹ̀ ìwé. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni gíga ọmọ ń dí i lọ́wọ́, yóò ti hàn nínú ohun tó wà lókè: ẹ ó ti kọ ọ́ pé wọ́n ń lù ú ṣubú, pé kì í débi tí góòlù wà, pé pọ́ọ̀kì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígun. Bí kò bá hàn níbẹ̀, kí ló kù tí gíga fẹ́ sọ?

Èkejì, ẹ̀yin máníjà, ní gbogbo ọdún márùn-ún, ẹ gbé ìwé àtijọ́ jáde. Ẹ pe gbogbo síkáòtù sínú yàrá, kẹ́ ẹ béèrè nípa ọmọ gíga tí kò yege bí ẹ ṣe máa béèrè nípa ọmọ kékeré tí kò yege. Ohùn kan náà, ìbínú kan náà. Ẹ ó rí i pé tí ẹ̀bi bá ti di dọ́gba, ojú yóò là.

Ẹ̀kẹta kan àwọn ọmọ tí ẹ kò tíì rí. Ohun tí ẹ bá fẹ́ ní oṣù Kẹfà, òun ni àwọn tó ń yan ọmọ ọdún 14 àti 15 fún líìgì WHL ń wá, òun náà sì ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń wá láàárín ọmọ ọdún 12. Mo mọ òbí kan ní ìlú yìí, ọmọ ilẹ̀ wa, tí wọ́n sọ fún pé ọmọkùnrin rẹ̀ dára ṣùgbọ́n “ẹ jẹ́ ká dúró kó ga.” Ọmọ ọdún 12. Ṣé wọ́n máa ń sọ fún ọmọ gíga pé kó dúró kó gbọ́n? Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ fún wọn, ní gbangba, pé ẹ kò ní kí wọ́n máa fi téèpù lé ọmọ kúrò lórí yìnyín. Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n ń gbọ́. Ti òbí, wọn kì í gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ìkìlọ̀ kún un, torí ọ̀wọ̀ kì í dí òtítọ́ lọ́wọ́. Ayé ti yí padà lẹ́yìn yín. Lẹ́yìn tí sáà 2004–05 ti lọ láìgbá họ́kì kankan, líìgì yín fúnra rẹ̀ mú òfin le: wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀pá kọ́ eléré, wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa dì mọ́ ọn mọ́, wọ́n sì gbà kí pọ́ọ̀kì kọjá ìlà méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ti ṣí ilé sílẹ̀ fún ẹni tó lè sáré, ẹ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń bi í pé mélòó ló ga. Láti oṣù Kẹjọ 2025, ọmọ tó bá ti gbá nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́ Kánádà náà lè lọ gbá fún yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ohun tí kò ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ kékeré tí ẹ fò kọjá ní ọdún 18 ti ní ibi tó máa lọ jẹun, tó máa gbé irin, tó máa dàgbà sí i di ọdún 22 tàbí 23. Tó bá jáde, tí ẹnikẹ́ni ò sì pè é nínú ètò yíyàn, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wù ú ni yóò bá ṣàdéhùn. Ọ̀nà tí St. Louis gbà láti Vermont nìyẹn, lásìkò tí ọ̀nà náà ṣì kún fún ẹ̀gún.

Àwọn kan láàárín yín ti lóye rẹ̀, wọn ò sì ní sọ fún yín. Ní 2021, Dallas dúró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ di ipò 47, wọ́n mú Logan Stankoven, ọmọ Kamloops, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n fi í ṣe eléré tó dára jù nínú gbogbo líìgì àwọn ọ̀dọ́ Kánádà. Ní oṣù Kẹta 2025, nígbà tí Dallas fẹ́ Mikko Rantanen lọ́wọ́ Carolina, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 4, Carolina ní àwọn ò ní fi í sílẹ̀ lásán. Ta ni Dallas fi sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tọ́ yíyàn díẹ̀ lórí rẹ̀? Stankoven. Ọmọ tí ikọ̀ tó pọ̀ láàárín yín ní kò tóbi tó ló di owó tí wọ́n fi ra òmìrán. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni Dallas jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí, tí ẹ pe èèyàn 93, tí Schmidt sì ṣì wà nílẹ̀ fún wọn.

Láti oṣù Kẹsàn-án tó ń bọ̀, èmi àti àwọn tó ń bá mi jókòó ní Saddledome yóò máa kọ orúkọ àwọn ọmọ kékeré tó ń gbá iwájú sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí a rí wọn ṣe. Ní oṣù Kẹfà, a ó kọ nọ́ńbà tí ẹ fi wọ́n sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó sì fi orúkọ ikọ̀ kọ̀ọ̀kan tó fò wọ́n kọjá sí i. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá. Ẹni tó bá ní ìdí tó yàtọ̀ sí gíga, kó sọ ọ́ ṣáájú ìgbà yẹn, àyè yóò wà fún un nínú ìwé náà.



Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹwòran kan, ọmọ Yorùbá, ní Calgary
Oṣù Keje 2025